Ta Ló Gé Gèlè Ìyá Kúrò Nínú Fọ́tò?

Lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ń forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ní Àkùngbá-Àkókó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan dé èkejì: "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rísáìsì pásípọ́ọ̀tù yìí, wọ́n ní ó ti tóbi jù." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè ti gun ọ̀kadà wá láti Ìkàrẹ́, ó sì lè jẹ́ Ìwàrò ní Ọ̀kà ló ti ń bọ̀, nítorí agbedeméjì ìlú méjèèjì ni Àkùngbá wà. Brọ̀dá á gba fóònù, á so wáyà mọ́ ọn, á ṣí fọ́tò náà, á fi máọ̀sì fa igun rẹ̀ títí nọ́ńbà tí wọ́n ń béèrè á fi pé. Ojú òpó á gbà á wọlé, brọ̀dá á gba owó rẹ̀, ó di ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bìkítà pé ojú ọmọ náà ti fẹ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, bẹ́ẹ̀ ojú fífẹ̀ yẹn ló máa wà lára káàdì rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán níbẹ̀.

Mi ò bá brọ̀dá wí. Èrò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ fà yẹn, kóòdù ìlà márùn-ún lè ṣe é, kó ṣe é dáadáa, kó sì ṣe é fún 400 fọ́tò kí brọ̀dá tó jẹun ọ̀sán tán. Ohun tó ká mi lára ju ti ìyára lọ ni pé fọ́tò kì í ṣàdédé kéré. Nǹkan gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó tó lè kéré, ẹnì kan ló sì ń pinnu ohun tó máa kúrò. Bí a kò bá pinnu rẹ̀ fúnra wa, ẹ̀rọ á bá wa pinnu, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ rántí wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì, ayàwòrán tó gbé àpótí onígi lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ń ti ọwọ́ bọ inú aṣọ dúdú. Orí bébà ló ń ya ojú ẹni sí, inú àpótí yẹn náà ló ti ń fọ̀ ọ́, á sì tún ya bébà tó fọ̀ kí dúdú tó di dúdú, kí funfun tó di funfun. Pásípọ́ọ̀tù dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ńlá, ilé ayàwòrán ló ń lọ, kí wọ́n lè bá a ṣe ẹnláàjì tó máa gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Nínú yàrá òkùnkùn ayàwòrán, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba ara nẹ́gátíìfù kọjá lọ bá bébà. Bó bá fẹ́ kí fọ́tò tóbi, á gbé orí ẹ̀rọ sókè. Bó bá fẹ́ kó kéré, á sọ ọ́ kalẹ̀. Nẹ́gátíìfù kò pàdánù ohunkóhun. Bó ṣe wà láàárọ̀ ló wà nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì dá a padà sínú àpò rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn.

Àwọn ayàwòrán ìgbà náà mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni ìpinnu wà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa fọ́tò láàrin Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978, ṣàlàyé ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ti ẹni tó lọ fún ẹni tó ṣẹ́ kù, wọ́n á tún un yà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò lè sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ọ̀nà mìíràn ni fọ́tò inú kọ̀ǹpútà gbà wáyé. Lọ́dún 1957, Russell Kirsch àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tó lè ka fọ́tò wọnú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò Walden, ọmọ Kirsch, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta, ni wọ́n fi dán an wò. Ìlà 176 ni, ojú 176 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ojú 30,976 lápapọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ dúdú tàbí funfun, kò sí àárín méjì. Ojú wọ̀nyẹn là ń pè ní píksẹ́lì lónìí. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá láti Ìkàrẹ́, bí kámẹ́rà rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 12, á ya 3,000 ní ìbú, 4,000 ní gíga. Mílíọ̀nù 12 píksẹ́lì nìyẹn, bí ìlọ́po 387 fọ́tò Walden, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù.

Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ ara adé. Ìlẹ̀kẹ̀ kan kò ní ju àwọ̀ kan lọ. Nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀ ni wọ́n ń di ẹyẹ, tí wọ́n ń di ojú èèyàn. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ tún adé náà ṣe, tí wọ́n ní níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ 25 wà tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan péré ni kó wà níbẹ̀, àwọ̀ wo ni ẹ máa mú? Ìbéèrè tí kóòdù ń dáhùn nìyẹn. Àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè fọ́tò tí ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba, tí kò dín ní 600 sí 600 píksẹ́lì, tí kò ju 1,200 sí 1,200 lọ, tí fáìlì rẹ̀ kò sì ju 240 kílóbáìtì lọ. Bí ẹ bá gé fọ́tò fóònù yẹn kó di 3,000 sí 3,000, tí ẹ wá sọ ọ́ di 600 sí 600, márùn-ún ti di ọ̀kan ní ìbú, márùn-ún ti di ọ̀kan ní gíga. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti di ẹyọ kan.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí kóòdù mú ọ̀kan nínú 25 yẹn, kó da 24 tó kù nù láìwo ojú wọn. Nearest neighbour ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè é. Ara aṣọ ni àbùkù rẹ̀ ti máa ń hàn. Ẹ ya bàbá kan tó wọ agbádá ẹtù lọ síbi ìwúyè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó funfun ló wà lórí ilẹ̀ dúdú aṣọ náà. Bí kóòdù bá ń fò láti píksẹ́lì kan sí ìkarùn-ún, nígbà mìíràn á bọ́ sórí ìlà funfun, nígbà mìíràn á bọ́ sórí dúdú, kò sí ètò níbẹ̀. Ohun tó máa jáde ni ìgbì tó ń ká kọ́rọkọ̀rọ lórí àyà bàbá. Ìlà tí ahunṣọ kò hun ti yọ, èyí tó fi ọ̀sán gangan hun kò sí mọ́. Àǹkárá oníṣẹ́ wẹ́wẹ́ náà ń jìyà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó sàn ni kí gbogbo àwọn 25 dá sí ọ̀rọ̀ náà. Kóòdù lè ro wọ́n pọ̀ kó pín in. Ó tún lè lo ọgbọ́n tí wọ́n fi orúkọ Cornelius Lanczos pè, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Hungary: èyí máa ń wò kọjá àwọn 25 náà, ó ń fún àwọn tó súnmọ́ àárín ní agbára púpọ̀, ó ń fún àwọn tó jìnnà ní díẹ̀, ó sì ń yọ díẹ̀ kúrò lára àwọn mìíràn kí etí nǹkan lè mú dáadáa. Ó pẹ́ ju nearest neighbour lọ, àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ìpẹ́ náà kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo OpenCV, ohun èlò tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń bá fọ́tò ṣiṣẹ́, ẹ ṣọ́ra: bí ẹ kò bá sọ fún un, INTER_LINEAR ló máa lò, píksẹ́lì mẹ́rin péré ni ìyẹn sì ń wò, bó ti wù kí fọ́tò náà tóbi tó. INTER_AREA ni kí ẹ pè tí ẹ bá ń sọ fọ́tò di kékeré.

Nǹkan mìíràn wà tó máa ń bá a lọ, òun ni àmì abẹ́ lẹ́tà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí pósítà ìsìnkú kì í jáde ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Wọ́n á yà á ní ńlá lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo orúkọ olóògbé àti ti àwọn ọmọ á wà níbẹ̀, àmì á wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Wọ́n á wá sọ ọ́ di kékeré fún WhatsApp, àmì á pòórá. Bí àmì kan bá fẹ̀ tó píksẹ́lì mẹ́rin, tí ẹ wá pín fọ́tò náà sí ọ̀nà márùn-ún, kò tó píksẹ́lì kan mọ́. Nearest neighbour á fi í sílẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà kan, á gbé e lọ lábẹ́ èkejì. Lanczos á sọ ọ́ di eérú tí ojú kò fẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń ṣe pósítà máa ń di ẹ̀bi yìí ru fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ má kọ ọ́ ní ńlá kí ẹ wá fún un pa.

Kóòdù ìlà márùn-ún tí mo ṣèlérí rèé. Python ni èdè rẹ̀, èyí tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991. Pillow ni ohun èlò tó ń bá fọ́tò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Fredrik Lundh ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1995 pẹ̀lú orúkọ PIL, nígbà tí ìyẹn sì falẹ̀, Alex Clark yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 2010, ó sọ ọ́ ní Pillow. Ọ̀fẹ́ ni.

from PIL import Image, ImageOps
àwòrán = Image.open("ìyá.jpg")
àwòrán = ImageOps.exif_transpose(àwòrán)
kékeré = ImageOps.fit(àwòrán, (600, 600), Image.LANCZOS)
kékeré.save("ìyá-600.jpg", quality=85)

Kí ẹ má rò pé eré ni mo fi orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, èèyàn lè fi lẹ́tà olóhùn sọ nǹkan lórúkọ nínú kóòdù, á sì ṣiṣẹ́.

ImageOps.fit ni ẹ bá mi wò. Kò ní fa ojú ẹnikẹ́ni fẹ̀, nítorí gígé ló ń gé. Fọ́tò tó fẹ̀ ní 3,000 tó ga ní 4,000 kò dọ́gba, nítorí náà á gé 500 kúrò lókè, á gé 500 kúrò nísàlẹ̀, á mú àárín. Fọ́tò òde ńkọ́, níbi tí ìyá ti dúró gedegbe, tí gèlè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè fọ́tò? Inú 500 òkè yẹn ni gèlè wà. Ẹ ti mọ ẹni tó gé e báyìí. (Ti físà kò kan gèlè, wọ́n á ní kí ẹ ṣí i ni.) Ẹni tó kọ Pillow kò rí gèlè rò, àárín ló mú, kò sì burú fún ẹni tí kò mọ̀. Àwa tí a mọ̀ la máa sọ fún un. Ẹ fi centering=(0.5, 0.0) kún ohun tó wà nínú àkámọ́ fit, ìsàlẹ̀ nìkan ló máa gé, gèlè á dúró pé. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin brọ̀dá tó ń fa igun fọ́tò àti ẹni tó kọ kóòdù kò ju èyí lọ: ẹni tó kọ kóòdù ti sọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo fọ́tò tó bá kọjá níbẹ̀ á sì jàǹfààní rẹ̀.

Ìlà kẹta, exif_transpose, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá dá fóònù dúró láti ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń kó o pamọ́ ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbé e dìde. Ìwé kékeré inú fáìlì yẹn ni EXIF. Ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ya fọ́tò wà níbẹ̀, orúkọ fóònù wà níbẹ̀, bí ẹ kò bá sì pa lokéṣọ̀n, ibi tí ẹ dúró sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí Pillow bá kó JPEG pamọ́, kì í kó EXIF lọ àyàfi bí ẹ bá ní kó kó o. Èyí dára fún fọ́tò tí ẹ fẹ́ fi síta, kò sì dára fún ti ìdílé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò rántí ọdún tí wọ́n ya fọ́tò ìyàwó lábẹ́ àpáta Ọ̀kà? Ìlànà gbígbé e dìde náà ń lọ pẹ̀lú EXIF, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí ẹ tó da ìwé nù. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á rí ìyàwó lórí ìdùbúlẹ̀.

Quality tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn kò kan iye píksẹ́lì. Ti JPEG ni, ètò fífún fáìlì pọ̀ tó di ìlànà gbogboogbò lọ́dún 1992. JPEG máa ń pín fọ́tò sí àkójọ mẹ́jọ sí mẹ́jọ, á wo àwọn ìyípadà wẹ́wẹ́ tí ojú èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí, á dà wọ́n nù. Bí nọ́ńbà quality bá ṣe kéré tó ni èyí tó ń dà nù ṣe pọ̀ tó; bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, 75 ni Pillow máa lò. Nítorí náà, bí ojú òpó kan bá ní òun kò gbà ju 50 kílóbáìtì lọ, ẹ má fọwọ́ kan ojú èèyàn. Ẹ jẹ́ kí kóòdù gbìyànjú 85, kó gbìyànjú 80, kó máa sọ̀kalẹ̀ títí tó fi máa wọlé. Àwọn tó ń gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ yàtọ̀: wọn kò gbà kó dín ní 50 kílóbáìtì, ó sì lè tó mẹ́gábáìtì 10.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí JPEG tí ẹ tún un kó pamọ́ ló tún ń da díẹ̀ nù. Fọ́tò ìsìnkú bàbá kúrò ní Ọ̀kà, ó dé Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp, ẹnì kan gé etí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Houston, ẹni Houston kọ "Sun re o" sí i, ó dá a padà sí Ìkàrẹ́. Èyí tó padà dé kì í ṣe èyí tó lọ. Láti ọdún 2023 ni WhatsApp ti fi HD sí i fún ẹni tó bá fẹ́ kó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà gan-an, kó fi ránṣẹ́ bí ìwé, bí dọ́kúméǹtì, kó má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò.

Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ẹnláàjì dé ni gbogbo èyí máa ń hàn. Àgbàlagbà kan ti lọ, àwọn ọmọ ń wá fọ́tò rẹ̀ tó dára jù, ohun tí wọ́n rí kò ju píksẹ́lì 400 ní ìbú. Fírémù tó fẹ̀ ní íǹṣì 20 ń fẹ́ píksẹ́lì 6,000 bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ ní 300 sí íǹṣì kan. Ogún ni wọ́n ní sí íǹṣì kan. Kóòdù lè sọ 400 di 6,000, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń méfò ohun tó wà láàrin píksẹ́lì kan àti èkejì. Bàìbàì ló máa jáde.

Wọ́n á wá ní kí wọ́n gbé e lọ fún AI. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù. Irú ẹ̀rọ yẹn ti wo ojú àwọn ẹlòmíràn lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ojú yẹn ló sì fi ń dí àlàfo. Lóṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn èèyàn fi fọ́tò Barack Obama, tí wọ́n ti sọ di kékeré tó ṣe bàìbàì, sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní PULSE, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe. Ojú òyìnbó ló gbé jáde. Ẹ̀rọ náà kò gbèrò ibi, kò kàn mọ Obama ni. Ṣé yóò mọ pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà ní Ọ̀kà? Ó lè rò pé ara fọ́tò ló ya, kó sì bá yín dí i. Ó lè sọ àbàjà di ìhunjọ. Ojú náà á mọ́lẹ̀, á dán, gbogbo èèyàn tó bá wá kí yín á ní ó rẹwà, àwọn tó mọ ìyá á dákẹ́. Ní tèmi, ó sàn kí fọ́tò ṣe bàìbàì kó sì jẹ́ ti ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ayàwòrán Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Àkùngbá, bí ẹ bá ya òde fún èèyàn, ẹ fún un ní fáìlì bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, ẹ má fi ti WhatsApp nìkan ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní Àkùngbá, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni láti fi for kan yí ìlà márùn-ún yẹn ká, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà brọ̀dá tó wà lẹ́nu géètì, kó lè tẹ bọ́tìnnì kan dípò kó máa fa ojú àwọn àbúrò yín fẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé tí fọ́tò bàbá àti ìyá yín wà nínú fóònù kan ṣoṣo, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ní ìwọ̀n tó wà gan-an, lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó rísáìsì rẹ̀.